Òjò Tí Kò Rọ̀ Lórí Àpáta

Bàbá mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé sí yín láti ìgbà tí a ti sin yín. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ̀yin náà mọ̀, ọwọ́ mi kò yá sí kíkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì rí alààyè tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mojí, ọmọ mi tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn, ti dé kíláàsì tó gbẹ̀yìn. Ìkàrẹ́ ló ti ń kàwé, ọkọ̀ ló ń wọ̀ láti Ọ̀kà láràárọ̀. Owó ọkọ̀ yẹn nìkan tó owó ọbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Olùkọ́ wọn fún wọn ní ìwé tí obìnrin Júù kan kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí ìjọba Jámánì ń kó àwọn Júù láti ilé dé ilé lọ pa, tọmọdé tàgbà. Bí wọ́n bá ka orí kan tán, kálukú á kọ ohun tó rò sínú ìwé àjákọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí ni wọn yóò kà á sókè níwájú ara wọn.

Orí àpáta ni Mojí ti ń kà á fún mi, tó bá dé láti ilé ìwé, tí mo bá ń yí láfún tí mo sá. Á kà á lóyìnbó, á wá túmọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí àpáta wa, bí kò ti sí ọgbà láàárín tiwa àti tàwọn ará àdúgbò, òkúta wẹ́wẹ́ la fi pààlà. Ẹ rántí òfin ibẹ̀ náà: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òjò ló máa kó ti gbogbo ilé, ìbáà jẹ́ ti ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Ẹ̀yin lẹ máa ń sáré jù. Mo ṣì ń gbọ́ bí ẹ ti ń súfèé láàárín eyín tí ẹ bá ń gbá láfún jọ.

Lọ́jọ́ Ajé, a dé ibi tí wọ́n ti wá kó ìdílé obìnrin náà. Kò sí ará àdúgbò tó bú wọn. Wọ́n kàn dúró lójú fèrèsé ni. Nígbà tí obìnrin náà padà dé lẹ́yìn ogun, ó bá aṣọ òtútù ìyá rẹ̀ lọ́rùn aládùúgbò wọn. Aládùúgbò ọ̀hún ní òun bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni.

Mo ṣe bí ẹni pé láfún kó sí mi lójú.

"Màámi, ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní irú àwọn Júù yẹn sá wá bá wa, ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn wo? Èyí tí ìwọ kì í tì tó o bá ń jáde?"

"Ẹ ti tún dé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ."

Ohun tó kọ ni pé òun ò mọ̀ nípa ara òun, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ì bá ṣílẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó ń kó láfún ọ̀tá rẹ̀ kúrò lójú òjò kó tó kó tirẹ̀, kò lè fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ síta.

Bàbá, Ìyá Sẹ́tù ni mo rántí.

Ẹ̀yin náà ò lè gbàgbé wọn. Àlejò tó ń dáko lẹ́yìn òkè, tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Èmi àti Sẹ́tù la jọ ń di irun fún ara wa. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú kéde pé kí gbogbo àlejò kúrò kí ọjọ́ ọjà tó pé, kò sẹ́ni tó bú wọn ní títì wa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Sẹ́tù àti ọmọ wọn wá kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ gbé ìka lé ètè, ẹ wò mí. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbọ́ ikọ́ Sẹ́tù. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń lọ.

Láfún wọn kù lórí àpáta, kò tíì gbẹ ni wọn ò fi kó o. Lọ́sàn-án ẹ pè mí pé kí n gbé agbọ̀n wá kíá, òjò ń bọ̀. Mo di agbọ̀n mú, ẹ ń gbá a sínú rẹ̀. Ẹ ò súfèé lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún ìyá mi pé ẹ bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni. A tọ́jú ẹ̀ títí ó fi ku ìdajì. A tọ́jú ẹ̀ títí ó fi tán. Mo jẹ níbẹ̀. Ó dùn.

Bàbá, ìgbà ọyẹ́ ni lọ́jọ́ yẹn. Ọyẹ́ ti la ètè mi, eruku ti bo orí òkè. Òjò wo ló ń bọ̀? Ṣé ẹ rí ohun tí èmi ò rí ni? Àbí ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà, ẹ kàn ń wá iṣẹ́ tó mọ́ tí ọwọ́ yín lè ṣe? Tàbí ẹ ti fojú wọn láfún yẹn kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn?

Ohun tó ń já mi láyà jù rèé. Ayálégbé mi lọ sìnkú ní Àjọwá láti ọjọ́ mẹ́rin, láfún rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Lánàá, ṣe ni mo ká ojú ara mi mọ́ ibi tó ti ń wọn tirẹ̀: agbọ̀n méjì àbọ̀, ó sì funfun ju tèmi lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n wọ̀n ọ́n. Ṣé ojú yín ni mo jogún ni, Bàbá?

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá dákẹ́, kò ná mi ní nǹkan kan. Mojí á yìn yín lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo gba bàbá àgbà tó gbé e kọ́rùn lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, bóyá á sì kórìíra àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ràn bá pè é pé kó gbé agbọ̀n wá, òjò ń bọ̀, kò ní gbójú sókè wo ọ̀run.

Tó bá dé lọ́sàn-án òní, orí àpáta ni màá mú un jókòó sí, màá sọ fún un. Tí ẹ bá ní ohun kan í sọ, ẹ sọ ọ́ kó tó dé.

Mo fẹ́ràn yín síbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó di agbọ̀n mú.