Omi Híhó ní Pírámárì Kẹrin

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kejì, 2025

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn ara mi.

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mánsúrù, mégáàdì wa, pè mí láti géètì: ọkọ Anti Ìrẹ̀mídé wà níta. Ìrẹ̀mídé ló ń kọ́ Pírámárì Kẹrin. Ó ti kúrò nílé ọkọ láti ìparí oṣù Kejìlá, ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Àpáta. Ó ti kìlọ̀ fún Mánsúrù, ó ti kìlọ̀ fún èmi ọ̀gá àgbà: bí Akínbíyìí bá wá, ẹ má jẹ́ kó wọlé.

Mo jáde lọ bá a. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Fúláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo wá bẹ ìyàwó mi ni. Ògì ni mo po wá, mo ti fi mílíìkì sí i bó ṣe fẹ́ràn ẹ̀." Mánsúrù ní, "Màmá, ṣebí wọ́n ní ká má —" Mo dá a dúró: "Ọkọ wa lo fẹ́ lé dànù yẹn, Mánsúrù? Ṣí géètì jàre." Mo bá a gba fúláàsì dání kó lè gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù. Mo tilẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ìgbà tó bá le tán lẹ máa ń mọ ògì í po." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo dá fúláàsì padà fún un, mo fi àtẹ̀gùn hàn án.

Èmi ni mo máa ń là wọ́n nílé-ìwé yìí, gbogbo tíṣà tó bá ń bá ọkọ jà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá Ìrẹ̀mídé fúnra rẹ̀ padà sílé.

Kì í ṣe ògì. Omi híhó ni. Ó dà á sí i lójú àti láyà, níwájú ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Démiládé tó jókòó níwájú gba tiẹ̀ lápá. Kí ariwo tó dé ìsàlẹ̀, ọkùnrin náà ti kí Mánsúrù pé ó dàbọ̀.

Nínú ìwé yìí, Jẹ́jẹ́ ni màá máa pè é. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ látàárọ̀ nìyẹn. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kejì

Wọ́n mú un ní Challenge, nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ń jẹun lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kejì

Alhaja Ṣùkúrát tó ni ilé-ìwé pè wá sí ọ́fíìsì. Ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló ṣí géètì? Gbogbo ojú wo Mánsúrù. Mánsúrù wo èmi. Mo wo tábìlì.

Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, Alhaja dá mi dúró. Ó mọ̀. "Mísísì Ọlálẹ́yẹ, ẹnu wa ò gbọdọ̀ yàtọ̀ síra. Bí àwọn òbí bá gbọ́ pé ọ̀gá àgbà ló mú un wọlé, a ti kógbá sílé nìyẹn. Mégáàdì pọ̀ ní ìgboro." Mo ní ó dáa. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá máa gbẹ̀san gbọ́dọ̀ wà lórí àga rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó ohun tó fẹ́ mú.

Irọ́ ni. Àmọ́ ó tù mí lára.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kejì

Kámẹ́rà mẹ́jọ. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ògiri ká. Gáàdì tuntun méjì tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, tí wọ́n mú ẹ̀rọ kan dání tó ń dún bó bá kan irin. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn. Bàbá kan láti Akobo nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń dún fún omi?" Alhaja ní ká lọ sí ìbéèrè tó kàn.

Kámẹ́rà mélòó ni ì bá dí èmi lọ́wọ́?

Lẹ́yìn ìpàdé, mo ṣílẹ̀kùn Pírámárì Kẹrin láti kí wọn. Ọmọ márùndínlọ́gbọ̀n ló gbé ìwé bojú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Mo gbàdúrà kí Jẹ́jẹ́ pẹ́ láyé. Kó hewú. Kí ojú rẹ̀ máa ríran kedere, kó máa fi ka àwọn irin fèrèsé ẹ̀wọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kejì

Mo lọ wo Ìrẹ̀mídé lọ́sibítù. Báńdéèjì ní ojú méjèèjì. Dókítà ní ọ̀tún máa ríran, òsì kò dájú. Mo jókòó fún wákàtí kan. Ó béèrè bóyá àwọn ọmọ ti parí ìṣirò ìdá. Mo ní ó kù díẹ̀. Kò béèrè bí Jẹ́jẹ́ ṣe wọlé. Èmi náà ò sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kejì

Àwọn èèyàn Jẹ́jẹ́ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, sínú ilé mi ní Bodija. Ìyá rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, àgbà ọkùnrin méjì. Wọ́n ti gbọ́ pé Ìrẹ̀mídé máa ń gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tò lórí táìsì, ìyá kúnlẹ̀.

Díákónì ní, "Ẹ ṣàánú wa. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Mo ní, "Òótọ́ ni, bàbá. Ẹkùn gan-an ò ní fẹ́ ẹ."

Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Mo ní èṣù kì í ní fúláàsì, màmá. Mo ní kí wọ́n dìde, táìsì tutù, kí àgbàlagbà má lọ fara gbòtútù lórí ọ̀rọ̀ tí mi ò ní gbà.

Mi ò fi omi lọ̀ wọ́n. Àlejò ò jáde nílé mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kejì

Ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n kò tó fún Jẹ́jẹ́. Mo ti ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́ ọn. Kò tó.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kejì

Sìkírátù, ọlọ́pàá tó ń rí sí ẹjọ́ náà, wá sí ọ́fíìsì mi. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Lọ́yà Jẹ́jẹ́ ní omi tíì ló gbé wá fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà ló fọwọ́ gbá fúláàsì, èèṣì ni. Sìkírátù ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ò dọ́gba: òmíràn ní ó dà á, òmíràn ní ó já bọ́. Bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, wọ́n máa gba béèlì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, yóò sì di ìjà tọkọtaya.

"Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ kó tó gòkè?"

Mo ní màá wádìí.

Tíì. Ó ti gbàgbé ohun tó sọ ní géètì. Ẹni tó gbé omi híhó wá, tó pè é ní ògì, ó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn kan ṣoṣo tó láti tì í mọ́lé. Etí ẹni méjì ló gbọ́ ọ: tèmi àti ti Mánsúrù.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kejì

Mo bá Mánsúrù ní Mọ́kọ́lá, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lẹ táyà.

"Háà, Màmá! Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti ń rò ó pé bóyá ẹ ṣìnà." Ó fi táyà kan lọ̀ mí kí n jókòó. Mo jókòó.

Mo ní kó lọ sọ fún ọlọ́pàá pé Jẹ́jẹ́ pe omi ní ògì. Ó rẹ́rìn-ín títí, tó fi ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. "Wọ́n á ní ta ló ń sọ ọ́ fún? Kí n ní èmi? Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀, Màmá. Èmi ni mo ní ká má ṣí i. Bí mo bá dé tọlọ́pàá, mi ò ní dá ògì nìkan sọ o."

Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.

Mo rò ó nínú takisí láti Mọ́kọ́lá dé ilé. Ọ̀nà tí iná máa fi jó Jẹ́jẹ́ tí kò ní jó èmi, kò sí. Mi ò ní sọ pé ẹ̀rí ọkàn ló bá mi wí. Mi ò fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kejì

Ojú ewé mẹ́ta. Aago, iyanrìn, ògì, mílíìkì, ìkìlọ̀ Mánsúrù, èsì mi, ẹ̀fẹ̀ mi. Sìkírátù kà á, ó gbójú sókè: "Màmá, ẹ mọ̀ pé ẹ ti kó bá ara yín níbí?"

Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ wò ó bóyá mo ti kó bá òun dáadáa."

Alhaja pè ní ìrọ̀lẹ́. "Ẹ ti pa wá." Ó gé fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kejì

Adájọ́ kọ béèlì. Ẹ̀wọ̀n Agodi, di oṣù Kẹrin. Jẹ́jẹ́ yíjú pa dà, ó nawọ́ sí mi níwájú gbogbo kóòtù: "Ìwọ ìyá burúkú yìí! Ìwọ lo ní kí n wọlé!" Ìwọ. Lọ́yà rẹ̀ fọwọ́ bo ojú. Mo ti ń dúró de ohùn yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbádùn ẹ̀ dé egungun.

Lẹ́tà Alhaja ti ń dúró dè mí nílé. Mi ò sí níṣẹ́ mọ́ láti òní lọ. Mo fi sínú àpò, mo kọrí sí ọsibítù.

Wọ́n ti tú ojú ọ̀tún Ìrẹ̀mídé. Mo kọ́kọ́ sọ ti Agodi fún un. Lẹ́yìn náà mo sọ tèmi: fúláàsì, géètì, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán.

"Mo mọ̀, Màmá. Fèrèsé kíláàsì mi, géètì ló kọjú sí. Mo rí yín tí ẹ gba fúláàsì lọ́wọ́ ẹ̀, tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀rín lé e lọ ni. Mo bá yíjú sí bọ́ọ̀dù."

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fún mi ní ìwé ẹ̀sùn kan. Òun ló sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ mi ṣáájú ti ọkọ rẹ̀.

"Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n ti Akínbíyìí mọ́lé ná. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi ṣe ti àkọ́kọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa gbé e lọ fún Sìkírátù láàárọ̀ ọ̀la. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá a padà. Kò sí ibi tí ó ti ṣì mí wí.