Mo Kọ Orúkọ Mi Sára Gbogbo Nǹkan Inú Ilé

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé inú onílé rẹ ti rọ̀? Bí o bá béèrè wa, gbogbo wa wà láàyè, àyàfi bàbá rẹ, èyí tí o ti mọ̀. Ọlọ́run á dá ẹ sí fún mi, wàá pẹ́, wàá gbó.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tí bàbá rẹ jẹ báńkì ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé yìí. O rántí pé ó yá owó fi ra ẹ̀rọ tó ń rẹ́ pákó, ikú sì dé kó tó san án tán. Láti ìgbà náà ni báńkì ti ń kọ̀wé sí orí fóònù rẹ̀. "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n" ni wọ́n máa ń pè é, ó sì dùn mọ́ mi, torí àwọn àbúrò rẹ̀ gan-an kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mo dá wọn lóhùn pé ó ti kú. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fèsì pé àwọn dúpẹ́ pé mo kàn sí àwọn. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ìbánikẹ́dùn.

Nígbà tó yá, wọ́n ní òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ wá wo ohun tó fi sílẹ̀. Àyà mi já. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ń rò o, torí ìdí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ìdí rẹ̀ náà ni owó ilé ìwé rẹ ti jáde. Tíṣà ẹ̀gbẹ́ ilé wa là mí lóye pé ohun tó bá jẹ́ ti òkú nìkan ni báńkì lè mú, ti ìyàwó kò kàn wọ́n. Mo ní ó ti yé mi. Mo ra ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì, mo kọ ÌYÁ TÉLỌ̀ sára ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti àga. Adìyẹ kò dúró kí n kọ ọ́ tán, ÌYÁ nìkan ló wà lára rẹ̀. Ọ̀dà ṣẹ́kù, mo bá kọ ọ́ sára ẹ̀rọ pákó náà, kó má baà dá yàtọ̀.

Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni wọ́n rán wá, ó so táì mọ́rùn nínú oòrùn. Ó bá mi kẹ́dùn, ó béèrè bóyá mo tẹ̀ka sí ìwé tí bàbá rẹ fi yá owó. Mo ní mi ò tiẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó ní tí kò bá sí ìka mi níbẹ̀, gbèsè náà kì í ṣe tèmi, ohun tí olóògbé ní ni yóò san án, ibi tó bá tó náà ló mọ. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fowó ara mi rà kò kan àwọn, kódà ká ní mi ò kọ nǹkan kan sí i. Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ló bá wọlé. Ó wo àga tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó wo àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ÌYÁ TÉLỌ̀. Ó rọra bi mí pé ṣé bàbá ò ní nǹkan kan nínú ilé yìí ni. Mo ní kò ní. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ọkàn mi bàjẹ́. Ọkùnrin tó kan ilẹ̀kùn tí mò ń ṣí lójoojúmọ́, èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo dúró níwájú àlejò tí mo ní kò ní nǹkan kan. Mo sunkún lójú ọmọ ọlọ́mọ. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi ẹ̀rọ pákó hàn án, mo ní ti ọkọ mi nìyí, kó má wo ohun tí mo kọ. Ó ní tí àwọn bá tà á, yóò tó ìyókù gbèsè, kí n fi àga àti àpótí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ti gbé e lọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ, àmọ́ tí o bá fi ti oúnjẹ kún un, mi ò ní dá a padà. Epo tí àwọn akunlé fi ń fọ ọ̀dà ni mo fẹ́ rà. Mo ti gbìyànjú láti fi ọ̀bẹ ha ti ara àga, àmọ́ mo rí i pé mò ń ha iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ kúrò pẹ̀lú rẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yẹ ẹ́, o ò ní ṣe é fún ẹlòmíì jẹ. Tí o bá ráyè wálé, wá bá mi kọ orúkọ bàbá rẹ sára àga náà. Mo kọ tèmi dé ara adìyẹ, tirẹ̀ ni mi ò lè kọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ