Díráyà Wa Tí Ìyá Àfí Gbé Lọ

Mọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́

Èmi nìkan ni mo lé ogún obìnrin tí Ìyá Àfí kó wá láti ṣọ́ọ̀bù màámi dé ìkòríta Ìkòtún lónìí. Bàtà ẹlòmíràn ṣì wà lọ́nà.

Mo kórìíra Ìyá Àfí. Nígbà tó dé láti Tógò, iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló ti ń dirun, lórí àga tí màámi yá a. Ó ti wá ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta báyìí, òun sì ni alága ẹgbẹ́ onídìrí. Yorùbá ẹnu ẹ̀ gan-an ò tíì jinná!

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè tí ìpàdé bá wà. Ìpàdé wà lónìí, àmọ́ màámi tilẹ̀kùn, ó ń ṣerun fún ìyàwó kan tó ń lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Bí Ìyá Àfí ṣe wọlé, ó já díráyà tí màámi fi ń gbẹ irun gbà. Omi ṣì ń kán lórí ìyàwó.

Màámi pariwo: "Ìyá Àfí! Èmi tí mo fún ẹ lága jókòó!"

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ̀yin náà lẹ gba kóòmù mi lọ́jọ́ ìpàdé, nígbà tí mi ò tíì mọ òfin. Ẹ ní òfin ò mojú."

Ó gbé díráyà wa, ó jáde. Ìyàwó ń sunkún, ó we gèlè mọ́ irun tútù, ó lọ. Ìkà ni obìnrin yẹn jàre.

Ṣá, kò sí ogún obìnrin kankan. Òun nìkan ló wá. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo tún dọ̀bálẹ̀. Fọ́tò ìyàwó tí mo gbé síta lórí fóònù mi ló sì fi mọ̀ pé à ń ṣiṣẹ́.

Màámi ò tíì mọ̀.