Àwòrán Kejì

Ìyá mi àtàtà, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, mò ń jẹun, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ yàrá ìwádìí wa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, ara á gé e wẹ́wẹ́, á pàtẹ ègé rẹ̀ síta, ẹ̀ṣọ́ á sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá bá ìka rẹ̀ mu rẹ́gí, ìjà dé nìyẹn. Ìka wọ̀nyẹn là ń ya ní àwòrán.

Ẹ̀ṣọ́ kan di ègé kòkòrò mú dáadáa. Ọ̀gá mi fò sókè, ó ní oògùn ti dé, ẹ̀ṣọ́ yẹn la ó fi ṣe é. Mo wá gbé ègé kan láti oríkèé èèyàn fún ẹ̀ṣọ́ náà. Ó ká ìka kan díẹ̀, ó di ìyẹn náà mú! Ẹni tó bá gba oògùn yẹn, oríkèé ara rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà máa bá jà.

Ọ̀gá ń jẹ búrẹ́dì. Ó fi ìka tó kún fún bọ́tà pa àwòrán kejì, ti oríkèé yẹn, rẹ́ lórí ẹ̀rọ lójú mi, ó lá ìka náà, ó ní, "Ta ló máa mọ̀?" Màmá, mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kó tó pa á rẹ́. Títí di òní, bó bá ti sún mọ́ mi, ara mi á bù máṣọ. Ẹ̀dà àwòrán náà ló wà nínú àpòòwé yìí, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.

Èmi ni mo máa mọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ tèmi la ti mú ẹ̀ṣọ́ yẹn.

Ẹ má bínú pé ẹ̀rọ ni mo fi tẹ lẹ́tà yìí, òtútù ibí ò jẹ́ kí n di bírò mú. Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé òrùka tí wọ́n fún mi ò sọ nù o, mo fi okùn so ó mọ́ ọrùn ni. Ìka mi ló kàn sanra. Ìgbádùn ni.