Orúkọ Tí A Bá Nínú Ilé

Tuva ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Èmi bàbá rẹ, Evert Dolk, ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ ka gbogbo ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Småland tán láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, tí kò jókòó, tí kò mu kọfí, tí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú, ni mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà ní Stockholm? Ṣé Malte àfẹ́sọ́nà rẹ ń jẹun? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì nínú reluwé abẹ́ ilẹ̀ yẹn, torí òkú nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sábẹ́ ilẹ̀. Majken ìyá rẹ ń yan búrẹ́dì, ó ní tí ẹ ò bá ṣègbéyàwó mọ́ kí ẹ tètè sọ, kí òun má baà fi bọ́tà ṣòfò. Má dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí o ti pè pé ìyá Malte ní ẹ ò lè fẹ́ra yín, pé Dolk ni wọ́n, Dolk ni wá, inú ilé wa yìí gan-an ni bàbá ńlá wọn ti ṣe sójà, ẹ̀jẹ̀ kan náà sì ni yín, ìyá rẹ ò rántí fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́.

Ìgò kékeré tí o ní kí n tutọ́ sí, kí àwọn onímọ̀ lè fi mọ̀ bóyá ẹbí ni àwa àti àwọn Malte, mo tu ú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà mí pé n kò gbọdọ̀ tutọ́ níwájú àgbà, mo wá dàgbà tán, ọmọ mi ní kí n fi itọ́ ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì. Wọ́n ti fèsì. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ tábà abẹ́ ètè mi ló fà á, àbí ẹni tó ń kà á ni kò mọ̀wé púpọ̀.

Ni mo bá gba ilé ìkàwé lọ. Solveig tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní inú kọ̀ǹpútà ni ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tí wọ́n ń kọ ìbí àti ikú gbogbo ènìyàn sí, wà báyìí. Mo fi itọ́ sí àtàǹpàkò kí n fi ṣí ojú ewé, ó ní, Bàbá Evert, ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì ni o! Ó nù ún. Mo tún ṣe é. Ó ní ṣe ni ó dà bíi pé màlúù ló wá kàwé lọ́dọ̀ òun.

Mo rí Karl Dolk, sójà ilé kẹtàlélógójì, ilé tí mo jókòó sí kọ ìwé yìí. Ọdún 1861 ló kú. Òun ni bàbá ńlá àwọn Malte. Mo wá ọmọ rẹ̀ tó bí wa títí, n kò rí i. Ẹni tó wọ ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ ni Johan Persson, ọmọ ọ̀dọ̀ kan láti abúlé mìíràn. Ní ìlà kan, Persson ni; ní ìlà kejì, ó ti di Dolk. Òun ló sì bí bàbá tó bí bàbá mi.

Tuva, ẹ̀rù bà mí. Ta ló ń pààrọ̀ orúkọ láàárín ìlà méjì bí kò ṣe olè? Èmi tí mo ti ń fọ́nnu fún ẹ̀yin ọmọ pé àtayébáyé la ti ń jẹ́ Dolk!

Solveig ló là mí lóye. Ó ní, Ẹ̀yin tí wọ́n bí sílé sójà, ẹ ò mọ̀ pé ilé ló ni orúkọ? Ó ní bí wọ́n ṣe ń fún sójà ní ẹ̀wù àti ìbọn náà ni wọ́n ń fún un lórúkọ, torí bí Persson bá pé méjìlá nínú ẹgbẹ́ kan, tí ọ̀gá pe ọ̀kan, gbogbo wọn á dáhùn. Sójà kan bá kú, ẹni tó gba ilé á gba orúkọ tó bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹni àkọ́kọ́ náà lè máa jẹ́ ẹ lọ níbi tí wọ́n bá kó lọ. Nítorí náà Karl àti Johan kì í ṣe ẹbí rárá. Ẹ fẹ́ra yín! Tí ìyá Malte bá jiyàn, kí ó wá bá Solveig.

Ṣùgbọ́n ohun kan ò kúrò lọ́kàn mi. Oṣù kẹta ni Karl kú. Ní oṣù kẹrin, ìwé ní Stina ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin kó jáde, kí sójà tuntun lè ráyè wọlé. Sójà tuntun yẹn, àwa ni. Mo wo ibi ìdáná wa, mo ní bóyá ó ṣì gbóná nígbà tí Johan gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Tí ẹ bá dé, Malte ni kó kọ́kọ́ wọlé, èmi á dúró síta títí á fi ní kí n máa bọ̀. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú, pé òjò lè máa rọ̀. Mo ní kó rọ̀.

Mo fẹ́ kun ara ilé ní ọ̀dà pupa kí ẹ tó dé, jọ̀ọ́ fi ẹgbẹ̀rún kan króná ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù bí o ṣe wí o. Mo ti tú ẹ̀yìn tèmi wò, kò sí ibi tí owó lè gbà wọlé.

Ẹnikẹ́ni ò ní lé yín kúrò nínú ilé tí ẹ bá tẹ̀dó sí. Ẹ ó jọ gbó, ẹ ó jọ tọ́.

Tuva, irọ́ ni mo pa nípa ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Mo mu kọfí, mo sì jókòó. Nígbà tí mo dé ìlà tí Persson ti di Dolk, ṣe ni mo dìde, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n kò padà síbẹ̀. Mo ní ó sàn kí ìgbéyàwó yín bàjẹ́ ju kí n gbọ́ pé olè ni wá. Má tíì sọ fún Malte. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un, lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Evert