Fóònù Tó Ṣe Fírídọ̀ọ̀mù Irun Dídì

Ojú-Ọrẹ,
Ọ̀tà.

Àpọ́nlé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Àbújá? Ọkọ rẹ ńkọ́, Naimat ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Ara mi le, ìka ọwọ́ mi nìkan ló ń gan.

Mo ti ní ọmọọ̀ṣẹ́ o! Láti ìgbà tí o ti kọ iṣẹ́ irun dídì, tí o gbé wíìgì dé bíi fìlà, kò sẹ́ni tó tún mọ irun pàtẹ́wọ́ bí ìyá mi ṣe ń dì í àfi èmi. Àwọn ọmọbìnrin ibí, iṣẹ́ fáktírì ni wọ́n ń lọ ṣe ní Ṣàngó. Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Jabez ṣe dé, tó ní ẹgbẹ́ àwọn ń dáàbò bo àṣà, kí n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ náà dà? Ó gbé fóònù lé àpótí, ó ní kí n máa dirí lọ, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé síbẹ̀. Mo bá dì í lórí Ìyá Rauf tá a jọ ń gbélé, mò ń ṣàlàyé fún fóònù, mo tilẹ̀ bá a wí nígbà tójú rẹ̀ ṣú bí ẹni tó ń tòògbé. Kò pé wákàtí kan, Jabez ní fóònù ti gbà á sórí tán, kò sì ní gbàgbé láéláé. Ọdún mẹ́ta gbáko lèmi fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá mi! Mo gbé ooyà lé e, mo wúre fún un, mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n béèrè iye ọ̀dọ́ tí mo kọ́, mo kọ ẹyọ kan. Jabez gba bírò, ó fi òdo kan sí i, ó ní bẹ́ẹ̀ lọ̀gá àwọn ń fẹ́. Ó fi fóònù náà ta mí lọ́rẹ.

Lánàá, Dásọ́lá ìyàwó tuntun wá dirí. Mo ní kó jókòó síwájú ọmọọ̀ṣẹ́ mi. Fóònù tan, ọwọ́ mi ló ń dirí Ìyá Rauf nínú rẹ̀, irun Dásọ́lá wà wúruwùru bó ṣe wà. A dúró títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Ó wé gèlè, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo wo ọwọ́ mi inú fóònù, mo wo èyí tó wà lórí itan mi, ẹ̀rù bà mí, Àpọ́nlé.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá mú Naimat tí wọ́n bá gba ọlidé, kó o fi owó ìpara ìka kún un. Orí tèmi ni yóò fi kọ́ ọ. Bó bá dì í wọ́, n ò ní tú u, bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe gbé e rìn lójú gbogbo èrò dé Tógéètì.

Kí Ọlọ́hun fún ìwọ náà lọ́mọ tí yóò jókòó tì ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.