Oògùn Koríko Yín Ni Mo Ń Fún Eku Mu

Bàbá mi àtàtà,

Òjò ti rọ̀ ní Ìwéré-Ilé, koríko ẹ̀kan sì ti tún gba oko ẹ̀gẹ́ yín. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, kí ẹ tó bèèrè àlàáfíà mi.

Mo ṣì wà ní láàbù yunifásítì. Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kàwé kàwé, mo wá di darandaran eku. Ẹ ò purọ́. Ohun tí à ń fún àwọn eku funfun náà báyìí ni oògùn koríko yẹn, èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín gan-an. A ó pò ó mọ́ omi, a ó tì í sí wọn lọ́fun láràárọ̀, a ó sì máa wò wọ́n. Irun wọn á dìde, wọn ò ní fẹ́ jẹun mọ́. Tí a bá là wọ́n, ẹ̀dọ̀ wọn á ti wú, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá. Àwọn tí a fún ní omi lásán, a máa ń pa àwọn náà, ká lè mọ bí inú tó dáa ṣe rí. Mi ò lè jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù mọ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹnu pọ́ǹpù tí ẹ fi ń fọ́n oògùn náà bá dí? Ẹ ó tú u, ẹ ó fi sẹ́nu, ẹ ó fẹ́ ẹ fúú, ẹ ó tutọ́, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sí àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá, ṣé oògùn yẹn ló pa yín? Àárọ̀ lẹ kú, ọ̀sán la sin yín bí ẹ̀sìn wa ti wí, ẹnikẹ́ni ò wo inú yín. Eku eléku ni mò ń là, mo sì mọ ohun tó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bàbá tó bí mi ni mi ò mọ ohun tó pa. Ó dùn mí gan-an.

Mùsílíù àbúrò mi ló jogún pọ́ǹpù náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, oúnjẹ kì í sì í lọ lẹ́nu rẹ̀ bíi tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó padà sídìí ọkọ́, àmọ́ ta ni yóò bá a ro ó? Lébìrà ti wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ti bá ọ̀kadà lọ. Ó níyàwó, ó bímọ, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Mo lọ sílé ní Sátidé. Mo mú ọkọ́, mo fẹ́ fi hàn án pé ó ṣeé ṣe. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọwọ́ mi ti bó, ibi tí mo ro ò sì ju ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí lọ. Mùsílíù ò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn lọ po oògùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ó ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Mo gba pọ́ǹpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá. Mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, èmi tí mo mọ ohun tó ń fi ẹ̀dọ̀ eku ṣe. Bí mi ò bá fọ́n ọn, òun ni yóò fọ́n ọn. Mo fọ́n gbogbo oko yín pátá, atẹ́gùn ń gbé e padà sí mi lójú, Mùsílíù jókòó sábẹ́ igi kajú, ó ń kí mi kú iṣẹ́.

Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Koríko náà ti kú, ó kú dáadáa. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ mọ ìgbà tí mo tún ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí Àlùjánnà.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ.